Etí Lára Gíláàsì

Rọ́ọ̀gì pálọ̀ la kọ́kọ́ bá tó tutù.
Mo ní Dúrótolú ló tọ̀ sí i.
Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun kọ́, fìríìjì ni.
Bàbá ò dá sí i.
Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún,
ó fi ìka kan omi náà, ó gbé e sí imú:
"Omi ẹja nìyí. Àpótí yẹn ti ń jò."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi bá ilé-iṣẹ́ omi ṣiṣẹ́.
Lóru, tí Èbúté Mẹ́ta bá ti sùn,
á gbé ọ̀pá irin lé títì,
á fi etí ti orí ọ̀pá,
á máa wá ibi tí páìpù ti ń sọkún lábẹ́ ilẹ̀.
"Ẹ gbẹ́ ibí."
Wọn á gbẹ́ ibẹ̀, omi á sì tú jáde.
Ní báyìí, aláǹgbá ló ń gbé inú páìpù àdúgbò wa,
ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi,
ọwọ́ Bàbá sì ń gbọ̀n:
ife tíì kì í dé ẹnu rẹ̀ ní kíkún.

Àpótí gíláàsì náà gùn ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ.
Owó ìfẹ̀yìntì tó kọ́kọ́ wọlé ló fi rà á.
Màmá bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì;
ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń bá ẹja sọ̀rọ̀.

Sátidé, mo ki rọ́bà bọ omi, mo fi ẹnu fà á.
Ẹ má bi mí bó ṣe rí lẹ́nu.
Ẹja mọ́kànlá wọ bàsíà ní bálùwẹ̀,
àwa ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé,
a ń tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ nítorí èémí ẹja.
Èyí tó dàgbà jù, tí Màmá sọ ní Ìyá Ìjọ,
kò fara da bàsíà. Ọjọ́ kẹta ló kú.
Bàbá sin ín sábẹ́ ìbẹ́pẹ,
ó gbé òkúta lé e nítorí ológbò.

Abẹ ni mo fi ń ha gọ́ọ̀mù àtijọ́.
"Ha á tán," ó ń wí láti orí àga,
"tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó.
Èyí tó bá kù bí irun ojú, ibẹ̀ lomi máa gbà."
Mo gé ìka méjì.
Mo fi sípíríìtì nu gíláàsì,
sípíríìtì rí ọgbẹ́ mi.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi l'Óyìngbò,
ó ka ara rẹ̀, awò méjì lójú:
"Ti bálùwẹ̀ ni. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ògiri bu wà níbẹ̀,
yóò pa wọ́n. Dá a padà."

Nígbà tó yá, òun ló na ọwọ́ sí ìbọn gọ́ọ̀mù.
Ó gbé ẹnu rẹ̀ sí igun.
Ó dúró pẹ́.
Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wò mí.
"Gbà. Èémí kan ṣoṣo. Má sinmi láàárín."

Mo fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀,
mo ki ìka bọ omi ọṣẹ, mo fi tẹ́ ẹ.
Òórùn bíi ti ẹmu tó ti kan gba ilé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́ruwà ń rẹ́rìn-ín:
"Ẹja yín rí omi jù mí lọ."
A tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́, a sì lọ sùn.

Aago méjì òru, mo bá a lórí orúnkún,
súkúrúdíráìfà lára gíláàsì,
ìdí rẹ̀ ní etí.
"Bàbá, kí lẹ gbọ́?"
Ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.
"Kò sí nǹkan kan."
Ó sì tún dá etí padà síbẹ̀.
Mo jókòó sórí rọ́ọ̀gì tó ti gbẹ,
mo ń dúró kó gbọ́ ọ tán.